Ugú Onítàkùn Pẹlẹbẹ

"Tailor! Tailor, jáde wá wo ohun tí o gbìn sínú ilé mi!"

N kò tíì fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí mo gbọ́ ohùn Mama Ebuka, onílé wa. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó dúró níwájú ebè ugú mi, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó sì ń fi ẹ̀ṣẹ́ náà júwe ìtàkùn kan. Lọ́dọ̀ tiwọn, bíi lọ́dọ̀ tiwa, a kì í na ìka sí ohun tí ń so lórí ìtàkùn, kí ó má baà rà. Inú ń bí i gidigidi, síbẹ̀ kò gbàgbé ìyẹn.

"Kí ni ká pe èyí?"

Mo lóṣòó tì í. Ìtàkùn ugú kì í tóbi ju ìka ọwọ́ àgbà lọ, ó sì máa ń ní igun-igun lára tí èèyàn lè fọwọ́ bà. Èyí rí bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ dé ibi orúnkún mi. Láti ibẹ̀ lọ sókè ló ti fẹ̀, tó tẹ́ pẹlẹbẹ bíi bẹ́líìtì. Ewé kéékèèké tò sí etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí eyín òòyà, orí rẹ̀ sì ká bí ìwo àgbò. Mo yọ tépù lọ́rùn, mo wọ̀n ọ́n. Ó fẹ̀ tó ọrùn ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin.

Mo ti kà nípa irú rẹ̀, mo ti rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, àmọ́ n kò tíì fi ojú mi rí i rí. Inú mi dùn débi pé mo bú sẹ́rìn-ín.

"O ń rẹ́rìn-ín?" Mama Ebuka ju ọwọ́ méjèèjì sókè. "Chinelo jẹ ẹ́ lánàá! Ara ìtàkùn yẹn gan-an ni mo ti já a!"

Ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu.

Chinelo ni ìyàwó Ebuka, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Mama bí. Port Harcourt ni Ebuka ti ń ṣiṣẹ́, ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ọmọ, oyún náà sì ti yọ dáadáa wàyí. Nínú ilé wa ní Inland Town, Onitsha, kò sí ayálégbé tí kò mọ̀ pé a kì í pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Chinelo lọ́sàn-án. Mama fúnra rẹ̀ ló máa ń já ugú tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ yóò jẹ. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án.

"Wò ó bí wọ́n ṣe lẹ̀ mọ́ra," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ìtàkùn mẹ́rin, márùn-ún, gbogbo wọn lẹ̀ di ọ̀kan. Tailor, bí ìka ọmọ bá lẹ̀ mọ́ra báyìí ńkọ́?"

Iṣẹ́ aránṣọ ló gbé mi dé Onitsha láti Ìsẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Ochanja nígbà náà. Ẹ̀yìn ni iṣẹ́ ẹ̀fọ́ gbà wọlé. Ìyàwó mi, Ìyá Ṣeun, ló ń ṣàárò ṣọkọ. Ugú àti ewúro ló kún ọjà níbí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọkọ yóò wá a títí. Mo bu ilẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, mo po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà mọ́ ọn, mo fọ́n irúgbìn sí i. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa tí ń se oúnjẹ tà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bọ́ sórí títa èhù, ìyẹn ọ̀gbìn kéékèèké tí èèyàn lè rà kó sì lọ lọ́ sí ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀: tòmátì, ata, ilá, ugú. Nígbà tó yá, ẹ̀fọ́ ń bọ́ wa ju aṣọ lọ. Mo gbé ẹ̀rọ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wá sí iwájú ilé, kí n lè máa ṣe méjèèjì pọ̀.

Mama Ebuka kò yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ilẹ̀ wọn, iṣu ni ọkùnrin ń gbìn. Obìnrin ló ni ugú. "Ofe mmanu," á pè mí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń pe àwa Yorùbá nítorí epo tó ń léfòó lórí ọbẹ̀ wa. "Ọkọ mi, kó tó kú, iṣu tirẹ̀ kún àká. Ìwọ, ugú lò ń gbé jó bí ọmọ." Èmi náà á ní, "Mama, ta ló ń já a jẹ?" Pidgin tó lú mọ́ Igbo ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́ síbí.

N kò kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ìyá àgbà kan tó ń ta èso ugú ní ọjà Ose Okwodu ló kọ́kọ́ là mí lójú. Lọ́jọ́ tí mo la èso àkọ́kọ́ tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a pé irúgbìn inú rẹ̀ ti hù, gbòǹgbò funfun ti lọ́ mọ́ra bí ìdin. Mo gbé e padà lọ, mo ní ó ti bàjẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. "Nwa m, ọmọ mi, ọmọ tó ti ń rìn kó tó jáde nínú ìyá rẹ̀, òun lo fẹ́ dá padà?" Ó ṣàlàyé fún mi pé irúgbìn ugú kò ní sùúrù, bí èso bá gbó jù, inú rẹ̀ ni yóò ti hù. Òun náà ló fi hàn mí pé ẹyọ irúgbìn kan lè yọ ọ̀mùnú méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta.

Láti ìgbà náà ni ara mi kò ti gba ìsinmi mọ́. Ohunkóhun tó bá yàtọ̀ lára ewéko, àfi kí n mọ ìdí rẹ̀. Mo ti fi àlùmọ́gàjí ìránṣọ la tòmátì tó ní imú, mo ti la ata tó lóyún ata kékeré sínú, mo ti la ilá méjì tó lẹ̀ mọ́ra. Ìyá Ṣeun ní bí ẹsẹ̀ òun bá wú, àfàìmọ̀ kí n má la òun náà wò.

Nítorí náà, àlùmọ́gàjí ni mo fi dá Mama Ebuka lóhùn. Mo gé orí ìtàkùn pẹlẹbẹ náà, mo sì gbé ojú ibi tí mo gé sún mọ́ ọn.

"Ẹ wo inú rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìtàkùn márùn-ún ló lẹ̀ mọ́ra, ihò márùn-ún ni ẹ bá rí. Ihò kan ló wà níbẹ̀, ó kàn rí gbọọrọ ni. Ọ̀mùnú kan ṣoṣo ló fẹ̀. Ó yẹ kó máa dàgbà láti ojú kan bí ẹnu abẹ́rẹ́, òun wá ń dàgbà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ bí ojú ọ̀bẹ."

"Kí ló fà á?"

"Kòkòrò lè jẹ ẹ́ lórí. Ó lè fara gbọgbẹ́. Ó lè wà nínú irúgbìn. Ó sì lè kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀," Mama Ebuka tún un sọ. "Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Hú gbogbo rẹ̀. Kí Ebuka tó wọlé, n kò fẹ́ rí ewé kankan níbí mọ́. Àti ugú, àti tòmátì, àti gbogbo àpò yẹn."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ti wọlé.

Mo dúró sójú kan, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi gba ẹ̀yìnkùlé mi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú mi ti bọ́ sára tòmátì. Ewé tuntun tó wà lórí wọn ti tín-ín-rín bí okùn bàtà, etí wọn ká wọnú bí ife, igi wọn sì ti lọ́ bí ìgbà tí èèyàn fún aṣọ. Mo wo ata tó wà láàárín wọn. Bákan náà ni. Èso tòmátì kò tíì pọ́n, ó ń dán lára igi, àwọn tó ń wá fa omi nínú kànga sì ń yìn ín. Gbogbo ayé ń wo ugú tó dà bí ejò. Ẹnikẹ́ni kò wo tòmátì lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ó bá jẹ́ àrùn ni, ì bá mú igi kan níbí, kó fo méjì, kó mú òmíràn lọ́hùn-ún. Ewé ì bá ní àmì yẹ́lò wẹ́wẹ́. Àrùn kan náà kì í sábà dì mọ́ tòmátì àti ata ebè kan lẹ́ẹ̀kan náà, kó má fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ohun tí mo ti kà pé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni oògùn apakoríko. Èmi kì í sì í fọwọ́ kan oògùn apakoríko.

Ohun kan ṣoṣo ló wà lórí ebè yẹn tí kò sí níbòmíì: koríko gígé. Nígbà ọyẹ́, a máa ń fi koríko bo ìdí ọ̀gbìn kí oòrùn má baà fa omi ilẹ̀ gbẹ. Titus, ọkùnrin tó ń tọ́jú pápá ṣọ́ọ̀ṣì kan ládùúgbò, ló kó o wá fún mi kún bárò. Ó tó tòmátì, kò kan ugú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé wa rọ̀ sí ìhà ugú. Omi tí mo bá da sí tòmátì, ìdí ugú ni àṣẹ́kù rẹ̀ ń ṣàn lọ.

Bí oògùn bá ti dé ìdí ugú, a jẹ́ pé ohun tí mo fi ẹ̀rín pàdé kì í ṣe àrà ewéko, májèlé ni, ó sì ti wà nínú ikùn Chinelo láti àná.

Mo bá Titus níbi tó ti ń pọ́n àdá.

"Titus, ṣé wọ́n fín oògùn sí pápá yẹn ni?"

"Oògùn kẹ̀? Ajílẹ̀ ni, Oga Tailor. Wọ́n mú ọkùnrin kan wá tó fín in. Gbogbo èpò àárín rẹ̀ kú, koríko fúnra rẹ̀ wá tutù yọ̀yọ̀. Ṣé oògùn á pa èpò, kó wá fi koríko sílẹ̀ ni?"

"Ó wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló ń pa. Tòmátì, ata, ẹ̀wà, ugú, ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wọn."

Titus jókòó sórí bárò. "Chai! Na gift I carry give you o."

"Mo mọ̀."

"Ta ló ti jẹ níbẹ̀?"

Mo yí padà, mo kọrí sílé.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Ṣeun ní kí n pa ẹnu mi mọ́. "O fẹ́ kí wọ́n lé wa ni? Ugú ni wọ́n ní kí o hú. Hú u, kí ọ̀rọ̀ tán." Ohun tó sọ mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá hú u, ta ni yóò mọ ohun tí Chinelo jẹ? Mo kan ilẹ̀kùn Mama Ebuka, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún òun àti Chinelo: pápá, oògùn, omi tó ń ṣàn. Mo ní ugú náà lè mọ́, ó sì lè má mọ́, n kò tíì mọ̀.

Mama Ebuka fa àga fún Chinelo.

Chinelo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Tailor, kí lo máa fi mọ̀?"

"Ẹ̀wà. Kò sí ohun tó tètè ń fi oògùn yẹn hàn bí ẹ̀wà. A ó gbìn ín sínú ife: ọ̀kan nínú ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀kan nínú ilẹ̀ abẹ́ koríko Titus, ọ̀kan nínú ilẹ̀ ìdí ugú. Èyí tí oògùn bá wà nínú rẹ̀, ewé ẹ̀wà ibẹ̀ yóò ká."

"Ẹ̀wà ta ni?" Mama Ebuka bi mí.

"Mo ní díẹ̀ nínú ilé."

"Rárá o. Ìwọ lo máa gbìn ín, ìwọ lo máa bomi rin ín, ìwọ lo tún máa dájọ́? Jókòó."

Òun fúnra rẹ̀ lọ sí Ose Okwodu, ó ra ẹ̀wà, ó ṣà á lẹ́yọ-lẹ́yọ lórí àtẹ. Ó gbẹ́ ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ń júwe, ó ń bù ú. Ojú fèrèsé rẹ̀ ló to àwọn ife náà sí, ó ní kí n má tíì hú nǹkan kan títí ẹ̀wà yóò fi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Chinelo lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ọkàn ọmọ ń lù dáadáa. Ó bi wọ́n nípa ìka, wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kò fẹnu kan ẹ̀fọ́ kankan mọ́.

Èmi náà kò ta nǹkan kan. Oníbàárà mi kan tó ń se ìrẹsì tà dé, mo ní kó máa lọ. "Bàbá Ṣeun, ẹ̀yin àti ẹ̀fọ́ ti jà ni?" Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó ń fẹ̀yìn rìn jáde bí ẹni pé ṣọkọ máa lé e. N kò lè jókòó ti ẹ̀rọ. Mo rán apá ọ̀tún bùbá kan mọ́ ọwọ́ òsì, mo tú u, mo tún rán an mọ́ ibi kan náà. Bí mo bá ti tẹ ẹ̀rọ díẹ̀, mo ti dìde lọ sábẹ́ fèrèsé Mama Ebuka.

Ẹ̀wà ife méjì hù. Ti ìdí ugú kò hù.

A dúró ti ife náà. Nígbà tí àwọn méjì ìyókù ti ń yọ ewé, ilẹ̀ ife kẹta ṣì tẹ́jú. Chinelo gbé ọwọ́ lé ikùn, ó wọ yàrá lọ. Mo na ọwọ́ kí n tú ilẹ̀ náà wò.

"Má fọwọ́ kàn án!" Mama Ebuka gbá mi lọ́wọ́. Òun ló tú u, ó tú u dé ìsàlẹ̀ ife. Kò rí ẹ̀wà. Kò rí èyí tó jẹrà, kò rí èèpo. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jí i. Ìgbà náà ni adìẹ rẹ̀ fò sójú fèrèsé láàárín wa, tó kì ẹnu bọ ife tó ṣófo, tó ń wá àṣẹ́kù.

"Ìwọ!" Mama bọ́ sálúbàtà. "Chineke! O kò ní rí Kérésì!"

Èmi ò tiẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Ó tún ẹ̀wà gbìn, ó da apẹ̀rẹ̀ bo ife, ó gbé òkúta lé apẹ̀rẹ̀.

Kí ti ugú tó wá hù, ti koríko Titus ti jẹ́jọ́ tirẹ̀. Ewé rẹ̀ jáde ní híhunjọ bí ẹ̀ṣẹ́ ọmọ ọwọ́, igi rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀. Ti ilẹ̀ tó mọ́ tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ti ugú yọrí, Mama Ebuka ké sí mi pé ó ti tẹ̀, pé ọrùn rẹ̀ ti ká. Mo ní gbogbo ẹ̀wà ló ń tẹrí ba jáde nínú ilẹ̀, ká dúró de ewé. A dúró. Mama kò lọ sọ́jà, èmi kò fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Ewé méjì àkọ́kọ́ ṣí, wọ́n fẹ̀, wọ́n tẹ́jú bí aṣọ tí a lọ̀. Mo ní ká tún mú sùúrù títí ewé ẹlẹ́ka mẹ́ta á fi jáde. Ó jáde. Òun náà tẹ́jú.

Mama Ebuka wọ ilé ìdáná, ó mú ọ̀bẹ, ó kọjá lára mi lọ sí ìdí ugú, ó sì gé ìtàkùn pẹlẹbẹ náà láti ibi tó fẹ̀ jù.

"Chinelo!" ó ké. "Ẹja gbígbẹ tàbí ẹran?"

"Méjèèjì!" Chinelo dáhùn láti inú yàrá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, èmi àti Titus hú tòmátì àti ata. A wa ilẹ̀ ebè náà àti koríko rẹ̀ sínú àpò, n kò jẹ́ kí ìkankan nínú rẹ̀ bá ajílẹ̀ mi pọ̀. Mama Ebuka dúró tì wá, ó ń wo èso tí kò tíì pọ́n bó ṣe ń wọnú àpò.

"Àwọn tó rẹwà báyìí?"

"Àwọn gan-an ni, Mama."

Ó mi orí. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó koríko wọ ọgbà wa láìbi í pé níbo ló ti gé e.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbá parí sí fún ẹlòmíì. Tèmi kò parí. Ilẹ̀ ni ẹ̀wà lè sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀wà kò mọ nǹkan kan nípa ọmọ inú. Mo mọ̀ pé ugú pẹlẹbẹ kì í so ìka ọmọ pọ̀. Mo ti la ìtàkùn náà, mo ti rí ihò kan ṣoṣo. Síbẹ̀, bí ikùn Chinelo ṣe ń ga sí i, n kò lè pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà kànga kí ojú mi má kọ́kọ́ bọ́ sí ọwọ́ tó gbé lé e.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bí. Chinelo fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pè mí. Mo nu ẹsẹ̀ títí lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó rẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Mama Ebuka gbé ọmọbìnrin náà dání, ó tú aṣọ tí wọ́n fi wé e, ó fi àtàǹpàkò ṣí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó sì tẹ́ ìka náà sílẹ̀ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Tailor, ìwọ kúkú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀," ó ní.

"Mo ti mọ̀, Mama. Ẹ̀wà ti sọ ọ́."

Ṣùgbọ́n mo ti tẹrí sún mọ́ ọn, mo ń ka ìka. Nígbà tí mo kà á pé, mo ní kó jọ̀wọ́ ṣí ti òsì náà.